Ta Ni Ó Ń Gbá Bọ́ọ̀lù Nínú Sinimá Wa?

Ohun tí ojú bá ń rí lójoojúmọ́ ni ọkàn máa ń kà sí ohun tí ó yẹ. Ìdí nìyí tí ó fi tọ́ kí àwa akẹ́kọ̀ọ́ èdè àti àṣà Yorùbá bèèrè pé: bí a bá ṣe sinimá nípa ọ̀dọ́ àti eré ìdárayá, ta ni a ń fi sínú pápá, ta sì ni a ń fi sí ẹ̀gbẹ́ pápá kí ó máa wòran?

Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí wa. Ní àwọn ọdún 1940, nígbà tí Hubert Ògúndé ń wá obìnrin sínú ẹgbẹ́ òṣèré rẹ̀, ọ̀pọ̀ òbí ló kọ̀ jálẹ̀. Lójú wọn, obìnrin orí ìtàgé kò níyì. Ògúndé wá ń fi àwọn òṣèrébìnrin rẹ̀ ṣaya kí ẹgbẹ́ má baà tú. Ní ọdún 1963 ni Dúró Ládípọ̀ gbé Ọba Kò So jáde ní Òṣogbo. Òun fúnra rẹ̀ ni Ṣàngó. Abíọ́dún, ìyàwó rẹ̀, ni gbogbo ayé sì mọ̀ mọ́ ipa Ọya. Ní ọdún 1964, eré náà dé Berlin. Ẹni tí ó bá rí irú Ọya bẹ́ẹ̀, ó di dandan kí ó tún èrò rẹ̀ pa. Ìtàgé fúnra rẹ̀ ni ó la ọ̀nà fún obìnrin orí ìtàgé.

Orí pápá ńkọ́? Ní Òṣogbo kan náà ni Ayọ̀ Omídìran ti dá ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù obìnrin sílẹ̀, Omidiran Babes, tí a wá mọ̀ sí Osun Babes. Àwọn Super Falcons kò pa ìdíje Ife Àgbáyé obìnrin kankan jẹ láti ọdún 1991 títí di 2023. Ní ọdún 2025, wọ́n gba ife ilẹ̀ Áfíríkà ẹlẹ́ẹ̀kẹwàá ní Morocco. Síbẹ̀, òbí ṣì wà tí yóò sọ fún ọmọ rẹ̀ pé ilẹ̀ ni obìnrin ń gbá, kì í ṣe bọ́ọ̀lù.

Ibi tí sinimá ti wúlò nìyí. Ẹ jẹ́ kí a fi ti ilẹ̀ Jàpáàn kan ṣe àpẹẹrẹ. The First Slam Dunk, tí Takehiko Inoue kọ tí ó sì darí, jáde ní ọdún 2022. Ìdíje bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ láàárín ilé-ìwé méjì ni ó dá lé. Ryota, ọmọkùnrin kúkúrú kan láti Okinawa, ni olú ẹ̀dá-ìtàn. Ìjọba ọ̀tọ̀ ni erékùṣù wọn kí Jàpáàn tó gbà á ní ọdún 1879. Ọmọ ẹ̀yìn odi wá bọ́ sí ààrin ìtàn. Ṣùgbọ́n ní ti obìnrin, ìyá Ryota ń ṣọ̀fọ̀ àkọ́bí rẹ̀ tí òkun gbé lọ. Ayako ń bójú tó ẹgbẹ́. Haruko ń wòran. Ipa wọn wúwo, ṣùgbọ́n kò sí èyí tí ó fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù nínú ìdíje náà. A kò lè bá a wí, nítorí ìdíje ọkùnrin ni. Ìbéèrè tó kù ni pé, ta ni yóò ṣe ti obìnrin?

Ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà kò ṣàìmọ sinimá. Mọ́sísì Ọláìyá, Bàbá Sàlá, ọmọ Iléṣà, gbé Ọ̀run Móoru jáde ní ọdún 1982, òun sì ni ó ṣe olórí eré. Ẹ jẹ́ kí ẹnìkan nínú wa kọ ìtàn ọmọbìnrin Iléṣà tí ó ń gbá bọ́ọ̀lù. Kí ó sọ ẹ̀ka-èdè Ìjẹ̀ṣà láìjẹ́ pé a fi í ṣe ẹ̀fẹ̀. Kí ó ṣubú, kí ó dìde, kí ó pàdánù, kí ó sì borí nípa ìmọ̀ọ́ṣe rẹ̀, kì í ṣe nípa ẹwà rẹ̀. Bí ìtàgé Òṣogbo ṣe tún ojú òbí ṣe sí òṣèrébìnrin, bẹ́ẹ̀ ni sinimá lè tún un ṣe sí agbábọ́ọ̀lù obìnrin.