Èèpo Ẹ̀pà àti Òjé Inú Omi

Kò sí ẹni tí kò mọ òkìtì èèpo ẹ̀pà tó máa ń wà lẹ́yìn ọjà. Ewúrẹ́ ń jẹ díẹ̀ níbẹ̀, àwọn ọmọdé ń tiná bọ ìyókù, èéfín rẹ̀ a sì máa ta wá lójú dé yàrá wa. Èèpo yìí gan-an ni a fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, nítorí ó ní iṣẹ́ kan tí ó lè ṣe nínú omi tí ọ̀pọ̀ nínú wa kò fọkàn sí.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Zamfara ní ọdún 2010. Ní àwọn abúlé bíi Dareta àti Yargalma, wọ́n ń gbé òkúta wúrà wálé, wọ́n sì ń fi ẹ̀rọ tí a fi ń lọ àgbàdo lọ̀ ọ́. Òjé pọ̀ nínú òkúta náà. Eruku rẹ̀ bo agbolé, ó wọ ilẹ̀, ó sì wọ àwọn kànga kan. Àwọn ọmọdé tó bá a lọ lé ní 400. Ní ọdún 2015, irú rẹ̀ tún ṣẹlẹ̀ ní Shikira ní ìpínlẹ̀ Niger, ọmọ 28 ló kú. A ò ní purọ́: eruku ló ṣe púpọ̀ nínú ọṣẹ́ náà, kì í ṣe omi. Ṣùgbọ́n ọmọ tó ti jẹ eruku òjé, tó tún wá ń mu ún nínú omi kànga, ìyà rẹ̀ ti di méjì.

Òjé yìí náà ni àwọn olórìṣà Ọbàtálá fi ń ṣe ẹ̀gbà ọwọ́. Èyí tó bá yòrò sínú omi kò ní àwọ̀, kò sì ní òórùn. Bí a bá se omi náà, omi ni yóò fà, òjé yóò kù síbẹ̀. Álọ́ọ̀mù tí àwọn ìyá wa fi ń mú omi tòrò, ẹrọ̀fọ̀ ló ń bá wí. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí òjé má ju mílígíráàmù 0.01 lọ nínú lítà omi kan. A jókòó ṣírò rẹ̀: gíráàmù òjé kan ṣoṣo ti tó láti mú 100,000 lítà omi dé ààlà yẹn, ìyẹn kẹ́ẹ̀gì onílítà 25 lọ́nà 4,000. Ọpọlọ ọmọdé ló sì ń bà jẹ́ jù.

Báwo wá ni èèpo ṣe ń mú un? Ẹni tó bá ti rin inú igbó mọ èèmọ́. Èèmọ́ kì í wọnú aṣọ bí omi ṣe ń wọnú fóòmù. Ara aṣọ ló ń dì mọ́. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni òjé ń ṣe lára èèpo. Nínú èèpo ẹ̀pà, èèpo ọsàn, ṣùkù àgbàdo àti ìyẹ̀ pákó, a máa ń rí àwọn èròjà bíi cellulose, lignin tàbí pectin. Ara wọn ní àwọn ọwọ́ wẹ́wẹ́ tó ní àmì (−). Òjé tó yòrò ní àmì (+) méjì. Wọn a fa ara wọn mọ́ra. Nígbà mìíràn, kálísíọ́ọ̀mù tó ti wà lára èèpo tẹ́lẹ̀ a bọ́ sínú omi, òjé a sì jókòó sí àyè rẹ̀.

Ìdí nìyí tí a fi ń lọ̀ èèpo kúná: bó bá ṣe kúná sí ni ojú tí òjé lè dì mọ́ yóò ṣe pọ̀ sí. Omi tó bá kan ń dí iṣẹ́ náà lọ́wọ́, nítorí háídírójìn inú ásíìdì náà ní àmì (+), ó sì ti gba àyè kí òjé tó dé. Ibi tí pH bá ti tó 5 sí 6 ló sábà ń dára jù fún òjé.

Àtiṣe rẹ̀ kò le. A ó sá èèpo gbẹ, a ó lọ̀ ọ́, a ó jọ̀ ọ́, a ó sì fi omi fọ̀ ọ́ títí omi rẹ̀ yóò fi mọ́. Nígbà tí àwọn kan nínú wa dán ti ọsàn wò, wọn kò fọ̀ ọ́ rárá. Omi náà pọ́n bí àgbo, ó sì ń rùn lọ́jọ́ kejì! Ní Brazil, ní ọdún 2011, àwọn onímọ̀ fi èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ mú bàbà àti òjé kúrò nínú omi odò Paraná, wọ́n sì rí i pé èèpo kan náà ṣeé lò tó ìgbà 11.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá le ni pé òjé kò kú. Inú omi ló ti kúrò, ara èèpo ló wà. Bí ewúrẹ́ bá jẹ èèpo náà ńkọ́? Bí a bá sun ún, inú eérú àti èéfín ni òjé yóò wà; bí a bá dà á sóko, oko ti gbà á nìyẹn. Nínú yàrá ìdánwò, ásíìdì díẹ̀ lè fọ òjé kúrò lára rẹ̀, ṣùgbọ́n ta ni yóò ṣe èyí ní abúlé? Èèpo a sì máa yó. Bó bá ti yó, òjé yóò kàn máa kọjá lára rẹ̀, ojú lásán kò sì lè rí i. Ẹ̀rọ tí a fi ń wọn òjé nìkan ló lè sọ. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe da èèpo sínú ìkòkò kí ó sì bu omi rẹ̀ mu.

Bí ẹnìkan nínú yín tó ń ka Kẹ́mísírì bá ń wá iṣẹ́ àṣekágbá, òkìtì náà ṣì wà lẹ́yìn ọjà. Ibi tí èèpo tó ti yó yóò gbà lọ ni kó kọ́kọ́ bá wa wádìí.