Oje Adíhò Inú Táyà àti Ohun Tí N Kò Sọ fún Fọkanáísà

Ọjọ́ Àbámẹ́ta kan ni, nínú oṣù Òkúdù, nígbà tí òjò ti sọ gbogbo ọ̀nà oko di ẹrọ̀fọ̀. Èmi àti bàbá mi ń bọ̀ láti oko wa ní agbègbè Ìbàràpá, níbi tí a ti lọ kó ẹ̀gẹ́. Bàbá mi jókòó sí iwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ẹ̀gẹ́ kún ẹ̀yìn ọkọ̀ dé etí, oòrùn sì kù sí dẹ̀dẹ̀ àtiwọ̀. Bí a ti gun afárá pákó kékeré tí ó wà lórí odò tí a máa ń kọjá, mo gbọ́ ìró kan lábẹ́ ọkọ̀. Kò pẹ́ tí ọkọ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í fà sí apá òsì bí ẹni tí ẹsẹ̀ kan ń dùn.

Mo sọ̀ kalẹ̀. Ìṣó onínṣì mẹ́rin kan tí ó ti dípẹtà ni ó yọ orí síta nínú pákó afárá tí ó ti ń jẹrà, tí ó sì gún táyà iwájú ní àárín gbùngbùn ibi tí táyà fi ń tẹ ilẹ̀. Afẹ́fẹ́ ń sá jáde, táyà sì ń balẹ̀ lójú mi.

Ẹ ó béèrè pé sípéà ńkọ́? Sípéà wà lábẹ́ ọkọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n òun náà ti jò láti nǹkan bí oṣù kan sẹ́yìn. Lójoojúmọ́ ni mo ń sọ pé n ó tún un ṣe lọ́la. Ọ̀la yẹn kò tíì dé nígbà tí a dé orí afárá.

Ẹ̀gẹ́ tí a bá ti hú kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Láàárín ọjọ́ méjì sí mẹ́ta, inú rẹ̀ á ti máa dúdú, àwọn ìyá tí ń yan gàrí kò sì ní í fẹ́ rà á mọ́. Èyí tí ó tún ju ìyẹn lọ ni pé bàbá mi ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí wọ́n máa ń lò lálẹ́ sì wà nílé. Fóònù kò gbé nẹ́tíwọ́ọ̀kì níbẹ̀. Abúlé tí ó súnmọ́ wa jù lọ tó ìrìn wákàtí kan pẹ̀lú ẹsẹ̀, nínú ẹrọ̀fọ̀, àní fún èmi tí ara mi ṣì le.

Ìgbà náà ni mo rántí agolo kan tí ó ti wà lábẹ́ ìjókòó mi láti ìgbà Kérésìmesì. Oje olómi ni ó wà nínú rẹ̀, irú èyí tí a ń tì sínú táyà kí ó lè dí ihò láti inú. Sealant ni wọ́n kọ sára agolo náà. Nínú àròkọ yìí, oje adíhò ni n ó máa pè é.

Mo fi píńsà fa ìṣó yọ. Mo mi agolo náà dáadáa, mo wé ẹnu rọ́bà rẹ̀ mọ́ fáàfù táyà, mo sì tẹ orí rẹ̀. Táyà tí ó ti balẹ̀ pẹlẹbẹ bẹ̀rẹ̀ sí í gbéra díẹ̀díẹ̀. Oje funfun yọ lójú ihò, ó hó fún ìgbà díẹ̀, ó sì dákẹ́. Mo wá fi páǹpù kékeré tí ń lo iná ọkọ̀ fi kún afẹ́fẹ́ rẹ̀. Inú mi dùn bí ẹni tí ó pa ẹran ńlá.

Bàbá mi yí táyà náà po, wọ́n wò ó láìsọ̀rọ̀.

"Ṣé ó ti tán nìyẹn?"

"Ó ti tán, Bàbá."

"Kò tíì tán. Ẹni tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ di egbò ẹsẹ̀ fún, ṣé ẹrù ni a ó tún gbé rù ú? Já ìdajì ẹ̀gẹ́ yẹn sílẹ̀."

Ó dùn mí, ṣùgbọ́n mo já a. A kó o sí abẹ́ igi, a fi ewé bò ó. Mo rọra wa ọkọ̀ ní bíi 20 kìlómítà ní wákàtí kan títí a fi bọ́ sí ọ̀nà ọ̀dà, mo sì ń dúró lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan láti wo ẹsẹ̀ ọkọ̀. A délé láàyè. Bàbá lo oògùn wọn. Ní ọjọ́ kejì, a fi ọ̀kadà lọ kó ẹ̀gẹ́ tí ó kù.

Bí oje yìí ṣe ń ṣiṣẹ́

Ẹni tí ó bá ti dé oko rọ́bà rí yóò ti rí i pé bí wọ́n bá fi ọ̀bẹ ha èèpo igi náà, oje funfun á sun jáde, kò sì ní í pẹ́ tí yóò fi dì mọ́ ojú ọgbẹ́. Bí igi náà ti ń wo ara rẹ̀ sàn nìyẹn. Irú oje bẹ́ẹ̀ wà nínú ọ̀pọ̀ oje adíhò. Àwọn mìíràn kò sì ní oje rọ́bà nínú rárá. Omi kan tí ó ki, tí kì í tètè gbẹ, tí a ń pè ní glycol, ni wọ́n fi ṣe é, wọ́n sì da okùn wẹ́wẹ́ àti èérún rọ́bà sínú rẹ̀.

Bí ìṣó tàbí ẹ̀gún bá lu táyà, afẹ́fẹ́ tí ń wá ọ̀nà àbáyọ ni ó máa ń ti oje náà lọ sójú ihò. Okùn wẹ́wẹ́ inú rẹ̀ á há síbẹ̀ bí ewé àti ìdọ̀tí ti ń há sí ẹnu gọ́tà, oje yòókù á sì dì mọ́ ọn títí ihò yóò fi dí. Afẹ́fẹ́ tí ń sá lọ gan-an ni ó ń gbé ohun tí yóò dá a dúró wá. Ìdí nìyí tí a fi gbọ́dọ̀ fún táyà ní afẹ́fẹ́ tó, kí a sì wa ọkọ̀ fún kìlómítà díẹ̀ lẹ́yìn tí a bá fi oje sí i, kí oje náà lè tàn ká inú táyà.

Oríṣi méjì ni ó wà. Ti àkọ́kọ́ ni èyí tí a ń dà sínú táyà kí ìṣó tó dé. Àwọn tí ń wa katakata, alùpùpù oko, ọkọ̀ kékeré ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin tí ń rin inú igbó, àti kẹ̀kẹ́ orí òkè ni ó wúlò fún jù lọ, nítorí pé ẹ̀gún àti kùkùté ni wọ́n ń bá pàdé lójoojúmọ́. Èkejì ni ti pàjáwìrì, inú agolo tí a ti rọ gáàsì sí ni ó máa ń wà, irú èyí tí mo lò. Ìwọ̀n tí a ó lò yàtọ̀ láti táyà sí táyà: kẹ̀kẹ́ orí òkè lè gba 60 sí 120 mílílítà, ti ọkọ̀ oko sì pọ̀ ju ìyẹn lọ dáadáa. Ìwọ̀n tí ó bá táyà kọ̀ọ̀kan mu máa ń wà lára ike tàbí agolo rẹ̀.

Ṣùgbọ́n oje yìí ní ààlà. Ihò tí kò ju nǹkan bí mílímítà 6 lọ ni púpọ̀ nínú wọn lè dí, ní ibi tí táyà fi ń tẹ ilẹ̀ nìkan. Bí òkúta bá ya ẹ̀gbẹ́ táyà, kò sí oje tí yóò gbà á, nítorí pé ẹ̀gbẹ́ táyà ń ká, ó sì ń nà ní gbogbo ìgbà tí ọkọ̀ bá ń rìn. Oje náà lè kóra jọ sí ojú kan, kí ọkọ̀ sì máa gbọ̀n bí a bá ń sáré. Ọ̀pọ̀ àwọn tí ń ṣe oje pàjáwìrì fún ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ni wọ́n kìlọ̀ pé kí a má ṣe sáré ju 80 kìlómítà ní wákàtí kan lọ, kí a sì wá fọkanáísà lọ láìpẹ́. Oje náà tún máa ń gbẹ. Ooru ilẹ̀ wa kì í jẹ́ kí èyí tí ó ní oje rọ́bà pẹ́. Àwọn oníkẹ̀kẹ́ orí òkè pàápàá máa ń fi kún tiwọn lẹ́yìn oṣù mélòó kan.

Ní kúkúrú, oje adíhò ń mú ni délé, kì í ṣe àtúnṣe. Èyí ni mo mọ̀ ní alẹ́ ọjọ́ náà. Ohun tí n kò mọ̀ ni mo bá pàdé ní ọjọ́ Ajé.

Ní ìsọ̀ fọkanáísà

Bàbá fọkanáísà tí ó wà ní oríta àdúgbò wa n'Ìbàdàn ti wà níbẹ̀ láti ìgbà tí mo wà ní ilé ẹ̀kọ́ girama. Mo gbé táyà méjèèjì lọ bá wọn, èyí tí ìṣó gún àti sípéà tí mo ti ń fi dọ́la fọ́la. Mo kí wọn, mo ní, "Bàbá, ẹ bá mi lẹ táyà méjì yìí." N kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo jókòó sórí àga onípákó, mo yọ fóònù mi.

Ọmọ iṣẹ́ wọn kan, ọ̀dọ́mọkùnrin tí kò lè ju ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún lọ, kọ́kọ́ mú sípéà. Túùbù wà nínú rẹ̀. Ó fi páàṣì lé ojú ihò túùbù náà, ó gbé irin lé e, ó da epo bẹntiróòlù díẹ̀ sínú irin, ó sì ṣáná sí i kí ooru lè lẹ páàṣì náà mọ́ ọn. Bí iná ti ń jó, ó yíjú sí táyà kejì tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú fáàfù rẹ̀.

"Pa iná yẹn! Pa á kíá!"

Ohùn Bàbá ni mo gbọ́ kí n tó gbójú sókè. Ọmọ náà da iyanrìn sórí iná. Bàbá ń nawọ́ sí táyà mi. Ìfófòó funfun ń hó jáde lẹ́nu fáàfù.

"Àlàó, kí ni o fi sínú táyà yìí?"

Mo sáré mú agolo náà wá láti inú ọkọ̀. Ọmọ iṣẹ́ gbà á, ó yí i padà, ó sì fi ìka lé àwòrán iná kékeré kan tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀. Mo ti lo agolo náà tán láì yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò.

Àlàyé rẹ̀ kò le. Ohun kan gbọ́dọ̀ ti oje jáde kúrò nínú agolo. Nínú àwọn agolo kan, gáàsì propane tàbí butane ni, irú gáàsì kan náà tí a fi ń dáná nílé. Gáàsì yìí ń bá oje wọ inú táyà, ó sì lè wà níbẹ̀ títí di ọjọ́ tí a bá tú u. Bí iná bá kàn án bí ó ti ń jáde, ó lè gbiná. Bí wẹ́dà bá sì gbé iná lé ríìmù tí irú táyà bẹ́ẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀, táyà náà lè bú gbàmù. Kódà bí kò bá sí oje kankan nínú rẹ̀, a kò gbọ́dọ̀ jó ríìmù nígbà tí táyà ṣì wà lára rẹ̀.

Bàbá yí táyà náà lọ sí ẹ̀yìn ìsọ̀, jìnnà sí iná, wọ́n sì jẹ́ kí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde tán pátápátá. Nígbà tí wọ́n padà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í tọrọ àforíjì. Wọ́n gbé ọwọ́ sókè.

"N kò bínú pé o lò ó. Ọ̀nà oko ni, alẹ́ ń lẹ́, bàbá rẹ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ. Èmi náà ì bá lò ó. Ohun tí ó dùn mí ni pé ọmọ ọlọ́mọ ń dáná níbí, ìwọ ń wo fóònù. Ọ̀rọ̀ kan péré ni à ń wá lẹ́nu rẹ."

N kò rí èsì fọ̀. Mo wo ọmọ náà. Ó ti padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀, ó ń fi omi fọ oje kúrò nínú táyà mi, ó ń nù ún gbẹ kí páàṣì lè mú un láti inú.

Ohun tí mo ń ṣe báyìí

N kò ju oje adíhò nù. Agolo tuntun kan wà nínú ọkọ̀ mi, irú èyí tí wọ́n kọ sára rẹ̀ pé gáàsì inú rẹ̀ kì í gbiná. Mo wo ọjọ́ tí yóò bàjẹ́ kí n tó sanwó. N kò fi sílẹ̀ sí iwájú ọkọ̀ níbi tí oòrùn ti ń pa á, nítorí agolo tí a rọ gáàsì sí kò fẹ́ ooru. Sípéà mi ní afẹ́fẹ́, mo sì ń fi gééjì wò ó ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kọ̀ọ̀kan.

Bí mo bá lo oje, mo máa ń so òwú pupa mọ́ fáàfù ẹsẹ̀ náà, mo sì ń kọ ọjọ́ tí mo lò ó sórí bébà tí mo lẹ̀ mọ́ ibi tí awakọ̀ lè rí. Ẹlòmíràn lè gbé ọkọ̀ mi lọ sí ìsọ̀. Òwú náà yóò sọ̀rọ̀ fún un. Bí mo bá sì dé ìsọ̀ fúnra mi, lẹ́yìn ìkíni, gbólóhùn àkọ́kọ́ tí ń jáde lẹ́nu mi ni pé, "Ẹ jọ̀ọ́, oje wà nínú táyà yìí o."

Nígbà tí a tún fẹ́ lọ sí oko, bàbá mi gbé òòlù àti píńsà lé ẹsẹ̀ wọn nínú ọkọ̀. N kò béèrè ohun tí wọ́n fẹ́ fi ṣe. Nígbà tí a dé orí afárá, wọ́n ní kí n dúró. Wọ́n sọ̀ kalẹ̀, wọ́n tẹrí ba, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í wo pákó náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo gba òòlù lọ́wọ́ wọn. Ìṣó mọ́kànlá ni a yọ kí a tó kọjá.