Ẹ̀rọ GPS ń ṣọ́ ọ̀kadà, ta ló ń ṣọ́ GPS?

Bí ọjọ́ ọjà bá pé ní Kétu, ibi tí wọ́n ń páàkì ọ̀kadà sí máa ń kún fọ́fọ́. Bajaj, Haojue, TVS, tuntun àti àlòkù, gbogbo wọn á tò lọ bẹẹrẹ lábẹ́ igi. Àgbẹ̀ tó ti oko wá á ní òun kàn fẹ́ béèrè iye tí àpò àgbàdo ń lọ lónìí ni, òun kò ní ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Oníṣòwò tó wá ra gàrí náà á ní òun kò ní pẹ́. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá yẹn gan-an ni olè ń wá.

Láyé àtijọ́, olè ọ̀kadà kò nílò ju kọ́kọ́rọ́ ayédèrú àti ojú tó dá lọ. Ní báyìí, ó ti ní iṣẹ́ mìíràn láti ṣe kí ọkàn rẹ̀ tó balẹ̀. Ó ní láti wá ẹ̀rọ kékeré kan tí òmíràn nínú rẹ̀ kò tóbi ju páálí ìṣáná lọ, kó já a dànù. Ẹ̀rọ náà ni a ń pè ní GPS, àwọn mìíràn ń pè é ní tráká. Bí olè bá rí i já, àwátì ni ọ̀kadà náà. Bí kò bá rí i, ọ̀kadà náà á máa sọ ibi tó wà fún olówó rẹ̀ títí ọwọ́ á fi tẹ̀ ẹ́.

Nítorí náà, a kò fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí bí ẹ ṣe máa ra GPS. Ọ̀pọ̀ ọlọ́kadà ló ti rà á, àwọn mìíràn sì wà tó jẹ́ pé ẹni tó gbé ọ̀kadà fún wọn ló ti so ó mọ́ ọn. Ohun tí a fẹ́ sọ ni bí ẹ ṣe máa dáàbò bo GPS náà fúnra rẹ̀ nígbà tí ẹ bá páàkì, tí ẹ kò sì sí nítòsí.

Ohun mẹ́ta tó lè pa á lẹ́nu mọ́

Ìjọba Amẹ́ríkà ló ni GPS. Àwọn ológun wọn ni wọ́n ṣe é fún, ọdún 1995 ni iṣẹ́ rẹ̀ sì pé pérépéré. Nígbà yẹn, wọ́n ń mọ̀ọ́mọ̀ da àmì tí aráàlú ń gbà rú díẹ̀, kó má baà péye jù. Oṣù Karùn-ún ọdún 2000 ni wọ́n tó jáwọ́ nínú ìyẹn. Sátẹ́láìtì tó lé ní 24 ló ń yí ayé po, ibi tí wọ́n wà sì fi nǹkan bíi 20,200 kìlómítà jìn sí ilẹ̀. Ẹ̀rọ tó wà nínú ọ̀kadà ní láti gbọ́ àmì mẹ́rin nínú wọn, ó kéré tán, kó tó lè mọ ibi tó wà dáadáa. Ọ̀fẹ́ ni ìyẹn, kò sí ẹni tó ń gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ yín lórí rẹ̀.

Àmọ́ sátẹ́láìtì kì í bá olówó ọ̀kadà sọ̀rọ̀. Bí ẹ̀rọ náà bá ti mọ ibi tó wà, síìmù káàdì ló ń lò láti fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sórí fóònù yín, ìbáà jẹ́ ti MTN, Moov tàbí Celtiis. Bátìrì ọ̀kadà ló sì ti ń fa iná. Nípa bẹ́ẹ̀, ohun mẹ́ta ló lè pa á lẹ́nu mọ́: kó má rí ojú ọ̀run, kó má rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, tàbí kí iná rẹ̀ já. Olè tó mọṣẹ́ rẹ̀ mọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ó yẹ kí ẹni tó ni ọ̀kadà náà mọ̀ wọ́n.

Ibi tó rọrùn fún rẹwáyà rọrùn fún olè náà

Ní ọ̀pọ̀ ìgbà, ẹni tó ń so GPS mọ́ ọ̀kadà á kàn ṣí ike ẹ̀gbẹ́ tàbí ìjókòó, á so ó mọ́ ẹ̀gbẹ́ bátìrì, á fi téèpù dúdú wé e, ó parí. Wáyà bátìrì wà nítòsí, kò sì ní láti tú nǹkan púpọ̀. Ibẹ̀ náà ni olè kọ́kọ́ ń ṣí. Bó bá ti rí wáyà pupa àti dúdú kan tí kò jọ àwọn tó bá ọ̀kadà wá láti iléeṣẹ́, á fà á já. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú kan ni.

Ẹ ní kí rẹwáyà fara balẹ̀. Ẹ ní kó gbé e jìnnà sí bátìrì: sínú ike iná iwájú, sábẹ́ ike ìdí ọ̀kadà lọ́wọ́ ẹ̀yìn, tàbí sínú fóòmù ìjókòó, kí wọ́n sì rán awọ rẹ̀ padà. Àmì sátẹ́láìtì lè gba inú ike, fóòmù àti awọ kọjá, ṣùgbọ́n kò lè gba inú irin. Ìdí nìyẹn tí abẹ́ táǹkì epo kì í fi í ṣe ibi tó dára, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó pamọ́. Kó má sì sún mọ́ sàléńsà tàbí ẹ́ńjìnnì, nítorí ooru á bà á jẹ́. Omi tún wà níbẹ̀. Ẹni tó bá mọ bí òjò ṣe ń rọ̀ lágbègbè wa láti oṣù Kẹrin títí di oṣù Keje yóò ra èyí tí omi kò lè wọ̀.

Wáyà rẹ̀ gbọ́dọ̀ jọ ti ọ̀kadà. Kí wọ́n kì í sáàárín àwọn wáyà tó kù, kí wọ́n fi irú téèpù kan náà wé gbogbo wọn pọ̀, kí ojú má baà dá a yàtọ̀. Bí ẹ bá sì ní GPS àtijọ́ kan tó ti kú, ẹ má jù ú nù. Ẹ so ó mọ́ ẹ̀gbẹ́ bátìrì níbi tí olè á ti tètè rí i. Bó bá já ìyẹn, á rò pé òun ti parí iṣẹ́, èyí tó ń ṣiṣẹ́ á sì wà níbi tó wà.

Ẹ tún béèrè ohun kan lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á kí ẹ tó sanwó: ṣé ó ní bátìrì tirẹ̀ nínú, ṣé ó sì máa ń fi iṣẹ́ ránṣẹ́ bí ẹnikẹ́ni bá já wáyà rẹ̀? Èyí tó bá ní i á fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ lójú ẹsẹ̀ pé iná òun ti já, á sì lè ṣiṣẹ́ fún wákàtí díẹ̀ sí i. Èyí tí kò bá ní i, bí wáyà bá ti já, ó kú nìyẹn. Ìyàtọ̀ owó wọn kò tó nǹkan tí ènìyàn á torí rẹ̀ pàdánù ọ̀kadà.

Ní ti àwọn tó ń lẹ bébà mọ́ ara ọ̀kadà pé "GPS wà níbí", èmi kò gbà pẹ̀lú wọn. Ó lè lé ọmọ ìta tó kàn ń gbìyànjú sá. Ṣùgbọ́n ẹ ti ṣe iṣẹ́ fún ẹni tó mọṣẹ́, ẹ ti sọ ohun tó yẹ kó wá fún un.

Ta ló mọ ibi tó wà?

Ìbéèrè yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í bi ara wọn. Rẹwáyà tó so ó mọ̀ ọ́n. Ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ tó di iná mú fún un mọ̀ ọ́n. Mẹkáníìkì tó tú ọ̀kadà lọ́sẹ̀ tó kọjá ti rí i. Àwa fúnra wa sì ń sọ ọ́ níbi tí a ti ń mu ọtí. A kò ní kí ẹ fura sí gbogbo ènìyàn, ṣùgbọ́n ẹ dúró ti ọ̀kadà yín nígbà tí wọ́n bá ń tún un ṣe. Bí ẹ bá sì lè yí ẹ̀rọ náà kúrò níbi tí wọ́n so ó sí, ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fúnra yín nínú ilé.

Nọ́ńbà ìdánimọ̀ rẹ̀ náà ń kọ́? Púpọ̀ nínú àwọn GPS olówó pọ́ọ́kú tó ń wá láti ilẹ̀ Ṣáínà ló jẹ́ pé 123456 ni nọ́ńbà àṣírí wọn láti iléeṣẹ́. Ẹni tó bá mọ nọ́ńbà síìmù inú rẹ̀, tí ẹ kò sì tíì yí àṣírí yẹn padà, lè fi àtẹ̀jíṣẹ́ lásán bá ẹ̀rọ yín sọ̀rọ̀, kó ní kó dákẹ́. Kò ní láti fọwọ́ kan ọ̀kadà rárá. Ẹ yí i padà lọ́jọ́ tí ẹ bá so ó.

Fóònù orí ọwọ́ ọ̀kadà

GPS kejì wà tí a kì í kà sí GPS, òun ni fóònù. Láti ìgbà tí iléeṣẹ́ Gozem, tó bẹ̀rẹ̀ ní Lomé lọ́dún 2018, ti wọ ilẹ̀ Benin lọ́dún 2019, ọ̀pọ̀ zémidjan ní Kùtọnu ló ń fi fóònù kọ́ iwájú kí wọ́n lè máa rí ibi tí oníbàárà wà. Àṣà náà ti ń dé ọ̀dọ̀ wa. Ọlọ́kadà á dúró ra epo inú ìgò lẹ́bàá ọ̀nà, á fi fóònù sílẹ̀ lórí ọwọ́ ọ̀kadà, á bọ́ sílẹ̀ láti ka owó. Kí ó tó gbójú sókè, fóònù ti lọ.

Èyí tó burú jù ni pé orí fóònù yẹn náà ni a ti ń wo ibi tí ọ̀kadà wà. Bí olè bá gbé méjèèjì lọ, òun ló ń wo ọ̀kadà yín báyìí, kì í ṣe ẹ̀yin. Ẹ yọ fóònù kúrò ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá bọ́ sílẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ ìṣẹ́jú kan. Kí ẹ sì fi nọ́ńbà kejì sórí GPS náà, ti ìyàwó, ọkọ tàbí ẹ̀gbọ́n tó wà nílé, kí ìkìlọ̀ lè dé ọ̀dọ̀ wọn bí fóònù tiyín kò bá sí mọ́.

Bodè kò jìnnà

Ẹni tó wà ní Kùtọnu lè ní wákàtí mélòó kan láti fi wá ọ̀kadà rẹ̀. Àwa kò ní irú àkókò bẹ́ẹ̀. Láti Kétu, ẹni tó bá mọ ọ̀nà lè dé bodè ní Ilárá kí wákàtí kan tó pé, láti Pobẹ̀ náà kò jìnnà sí Nàìjíríà. Ọ̀nà oko tó gba inú igbó kọjá kò lóǹkà. Bí ọ̀kadà bá ti kọjá sápá Ìmẹ̀kọ, síìmù Benin tó wà nínú GPS lè má rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì tirẹ̀ mọ́. Ẹ̀rọ náà ṣì mọ ibi tó wà, ṣùgbọ́n kò rí ọ̀nà sọ ọ́ fún yín. Ẹ béèrè lọ́wọ́ iléeṣẹ́ tó ni síìmù yín bóyá ó lè ṣiṣẹ́ lókè bodè, kí ẹ sì rí i pé owó wà lórí rẹ̀.

Nítorí èyí, GPS nìkan kò tó. Àwọn baba wa ní Kétu gbẹ́ yàrà yí ìlú ká, wọ́n mọ odi, wọ́n tún ṣe Àkábà Ìdèna sí ẹnu ọ̀nà. Wọn kò gbẹ́kẹ̀ lé ẹyọ kan, síbẹ̀ ogun Dàhọ̀mì kó ìlú náà lọ́dún 1886. Ẹ fi ẹ̀wọ̀n nípọn àti àgádágodo de táyà mọ́ igi tàbí òpó. Ẹ páàkì síbi tí ojú pọ̀ sí. Ẹni tó bá ń ṣọ́ ọ̀kadà lọ́jà, tó ń gba owó kékeré, ẹ san án fún un. Gbogbo ìṣẹ́jú tí olè bá fi jà pẹ̀lú ẹ̀wọ̀n, ẹ̀yin ló jèrè rẹ̀.

Ẹni tó ń san owó díẹ̀díẹ̀

Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tó ń gun ọ̀kadà lágbègbè yìí kì í ṣe àwọn ló ni ín. Ẹnìkan ló rà á fún wọn, wọ́n sì ń san owó lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ títí á fi di tiwọn. Olówó ọ̀kadà ló so GPS mọ́ ọn. Bí olè bá já GPS náà, tó sì gbé ọ̀kadà lọ, ohun tí olówó rẹ̀ máa kọ́kọ́ rò ni pé ẹni tó ń gùn ún ló já a, tó sì lọ tà á. Gbèsè ṣì wà nílẹ̀, ẹ̀sùn olè tún kún un.

Ẹ̀yin tí ẹ wà nírú ipò yìí, ẹ fi í sínú ìwé àdéhùn ohun tí ó máa ṣẹlẹ̀ bí wọ́n bá jí ọ̀kadà náà. Bí ìkìlọ̀ bá dé pé iná GPS ti já, ẹ pe olówó rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ẹ má dúró wá a fúnra yín ná. Ẹni tó bá kọ́kọ́ pè ni wọ́n máa ń gbà gbọ́. Àwọn GPS kan tún wà tó lè pa ẹ́ńjìnnì láti ọ̀nà jíjìn. Olówó ọ̀kadà tó bá ń lo irú rẹ̀ kò gbọdọ̀ pa á nígbà tó bá ń sáré lórí títì. Bó bá ṣubú, ó lè jẹ́ ẹlòmíràn ló máa kú.

Bó bá ti lọ

Ẹ lọ bá ọlọ́pàá, ẹ mú ìwé ọ̀kadà tí a ń pè ní carte grise lọ́wọ́, ẹ fi ibi tí GPS ń tọ́ka sí hàn wọ́n. Ẹ má kó àwọn ọ̀dọ́ jọ lọ sílé ẹnikẹ́ni. Ní gbangba, fóònù lè fi nǹkan bíi mítà márùn-ún ṣì í. Láàárín ilé, ó lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú agbo ilé wa, mítà márùn-ún ti dé yàrá ẹlòmíràn. Wọ́n ti dáná sun àwọn ènìyàn rí ní ilẹ̀ yìí lórí ìfura lásán pé olè ni wọ́n, kò sì sí GPS tó lè jí ẹnikẹ́ni dìde.

Ní ọjọ́ Jímọ̀ tó ń bọ̀, kí ẹ tó jáde, ẹ fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí GPS yín, ẹ wò ó bóyá ó máa dáhùn. Bí kò bá dáhùn, ẹ wo owó orí síìmù rẹ̀ ná, lẹ́yìn náà ẹ wo wáyà. Ẹ kọ nọ́ńbà síìmù náà àti nọ́ńbà ẹ̀rọ náà sínú ìwé kan, kí ẹ fi sílẹ̀ nílé lọ́dọ̀ ẹni tó lè kà á fún ọlọ́pàá.