Ẹ̀yin ará Festac, ẹ ṣírò ẹ̀ dáadáa kẹ́ ẹ tó ra àpótí tẹlifíṣọ̀n olówó pọ́ọ́kú o!

Ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ ní Marina tàbí Ikeja, tó sì ń gbé ní Festac, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ṣàlàyé fún un bó ṣe máa ń dunni tó kí ètò téèyàn fẹ́ràn ti parí kéèyàn tó délé. Aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń ṣíwọ́ iṣẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kí wọ́n tó bọ́ nínú sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ Mile 2, kí wọ́n wọ First Avenue, kí wọ́n sì gun àtẹ̀gùn dé òkè kẹta, wọ́n ti ka ìròyìn tán, bọ́ọ̀lù ti parí, àwọn ọmọ náà sì ti sùn lọ lórí àga. Ọkọ̀ ojú irin Blue Line tó bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò láti Mile 2 sí Marina lọ́jọ́ kẹrin, oṣù kẹsàn-án, ọdún 2023, ti bá àwọn kan dín ìyà yìí kù. Àwọn tó ń gba Ọ̀ṣòdì bọ̀ wálé ńkọ́? Ojú ẹ̀ náà ni wọ́n ṣì wà.

Irú àwọn oníbàárà bẹ́ẹ̀ gan-an ni àwọn ọlọ́jà Alaba ń wá. Alaba ò kúkú jìnnà sí Festac, ojú títì Badagry kan náà ló so wọ́n pọ̀. Wọ́n á ní àpótí kékeré kan wà tí ò fi bẹ́ẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, wọ́n á ní owó ẹ̀ ò tó nǹkan, kò sówó oṣù, kéèyàn ṣáà ti ní íntánẹ́ẹ̀tì nílé, gbogbo ṣánẹ́ẹ̀lì ayé á máa wọlé wẹ́rẹ́. Wọ́n tún máa fi kún un pé èyí tẹ́ ẹ ò bá rí wò, àpótí á bá yín gbà á sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó dé.

Ọ̀rọ̀ náà dùn ún gbọ́ létí, pàápàá fún ẹni tí owó díkódà ti sú. Ṣé ẹ rántí pé lọ́jọ́ kìíní, oṣù kẹta, ọdún 2025, ni owó oṣù DStv Compact kúrò ní 15,700 náírà, tó di 19,000, tí Premium sì fò láti 37,000 bọ́ sí 44,500? Bàbá tó ń sanwó ilé, tó ń sanwó ilé ìwé ọmọ, tó tún ń ra káàdì iná, bó bá gbọ́ pé nǹkan kan wà tí ò lówó oṣù, ó máa dúró gbọ́ ni.

Ṣùgbọ́n ohun tó yẹ kéèyàn kọ́kọ́ mọ̀ ni pé nǹkan mẹ́ta tí ò jọra wọn rárá ni wọ́n ń pè ní orúkọ kan ṣoṣo yìí. Díkódà ńlá bíi Explora ti DStv wà níbẹ̀. Ìyẹn ní háàdì dísìkì nínú, ó máa ń gba ètò sílẹ̀ lóòótọ́, kódà èèyàn lè dá bọ́ọ̀lù tó ń lọ lọ́wọ́ dúró, kó lọ jẹun, kó padà wá máa wò ó lọ láti ibi tó bá a dé. Àmọ́ wọ́n ń gba owó mìíràn lórí gbígba nǹkan sílẹ̀ yẹn, ó yàtọ̀ sí owó oṣù. Ẹni tó ń sá fún owó oṣù ò lè sá lọ síbẹ̀.

Òmíràn ni àpótí tó ń fi eriali gba àwọn ṣánẹ́ẹ̀lì ọ̀fẹ́. Ìjọba àpapọ̀ ti ń pariwo ọ̀rọ̀ yìí ọjọ́ ti pẹ́. Wọ́n ní tó bá fi máa di oṣù kẹfà, ọdún 2015, gbogbo Nàìjíríà á ti kúrò lórí tẹlifíṣọ̀n àtijọ́, wọn ò rí i ṣe. Wọ́n tún sún un sí 2017, pàbó náà ló já sí. Jos ni wọ́n ti kọ́kọ́ gbé e jáde lọ́jọ́ ọgbọ̀n, oṣù kẹrin, ọdún 2016, ó sì di ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n, oṣù kẹrin, ọdún 2021, kí FreeTV tó dé Èkó. Bí irú àpótí yìí bá ní ihò USB, tó sì jẹ́ èyí tí wọ́n ṣe kó lè gba nǹkan sílẹ̀, èèyàn á kàn ki fílaàṣì bọ̀ ọ́ ni. Ká ní wákàtí kan ń gba 2GB, fílaàṣì 32GB á gba nǹkan bíi wákàtí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sílẹ̀, kò sì ní í jẹ dátà kankan.

Èyí tí wọ́n ń gbé lé aráàlú lọ́wọ́ jù wá ni ẹ̀kẹta, ìyẹn àpótí Android tó ń lo íntánẹ́ẹ̀tì. Kí lẹ rò pé ó wà nínú ẹ̀? Fóònù tí ò ní ojú ni, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í gba ohunkóhun sílẹ̀, ẹnu ọlọ́jà ló ń gba nǹkan sílẹ̀.

Kì í ṣe pé fífẹ́ kí wọ́n gba ètò sílẹ̀ burú. Ó ti wà lára àwọn ará Èkó tipẹ́. Láyé tí NTA ń ṣe Checkmate ti Amaka Igwe, láàárín 1991 sí 1994, àwọn tó ní ẹ̀rọ fídíò nílé máa ń ki kásẹ́ẹ̀tì sí i kí wọ́n tó jáde, ilé tí wọ́n sì ti gba bọ́ọ̀lù lé kásẹ́ẹ̀tì ìgbéyàwó lórí, ìjà ibẹ̀ kì í tán bọ̀rọ̀. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé láyé ìgbà yẹn, ètò tó bá ti lọ ti lọ nìyẹn. Lóde òní, ìròyìn Channels ń lọ tààrà lórí YouTube, ó sì tún máa ń wà níbẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti kà á tán. Fíìmù Yorùbá tó wà lórí YouTube, èèyàn ò lè wò ó tán. Netflix náà, ìgbà tó bá wu èèyàn ló ń wò ó. Nítorí náà, ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń wá ẹ̀rọ tí yóò bá wọn gbà sílẹ̀ fún, ẹlòmíràn ti gbà á sílẹ̀ dè wọ́n. Bọ́ọ̀lù ló kù, bọ́ọ̀lù sì ni ohun tó nira jù láti rí lọ́fẹ̀ẹ́.

Ẹ jẹ́ ká wá mú tọkọtaya kan tó ń gbé ní Fourth Avenue, ká ní ọkọ ń ṣiṣẹ́ ní èbúté Tin Can, ìyàwó ń tajà ní Trade Fair. Ọkọ gbé àpótí dé, inú ẹ̀ ń dùn. Ìyàwó á ní, "Daddy, ẹ kú ìnáwó o. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá múná lọ láago méje, ta ló máa tan jẹnẹrétọ̀ fún un kó tó gba nǹkan sílẹ̀?" Ìbéèrè ìyá yẹn lágbára ju gbogbo àlàyé ọlọ́jà lọ. Ẹ̀rọ tó fẹ́ bá èèyàn gba ètò sílẹ̀ gbọ́dọ̀ ní iná ní gbogbo àsìkò tí ètò yẹn ń lọ, ó sì jẹ́ pé àsìkò téèyàn ò sí nílé náà ni. Ilé tí ò bá ní ínfátà, tí kò sì sẹ́ni tó máa jókòó ti jẹnẹrétọ̀, ojoojúmọ́ kọ́ ni àpótí náà máa jẹ́ wọn níṣẹ́. Owó ínfátà àti bátìrì sì ju owó àpótí lọ fíìfíì.

Bá a bá yanjú iná, dátà tún kù. Netflix fúnra wọn kọ ọ́ síta pé wákàtí kan lè jẹ tó 1GB bí àwòrán bá mọ níwọ̀n, ó sì lè jẹ tó 3GB bó bá mọ́ kedere. Ilé tó bá ń wo wákàtí mẹ́ta lójúmọ́, 90GB nìyẹn lóṣù, tàbí 270GB bí wọ́n bá fẹ́ kó mọ́ gaara. Oṣù kìíní, ọdún 2025, ni àjọ NCC fọwọ́ sí i pé kí àwọn ilé iṣẹ́ fóònù fi owó tó tó ìdá àádọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún lé iye tí wọ́n ń gbà. Ẹni tó bá fẹ́ máa fi háásípọ́ọ̀tì fóònù tan tẹlifíṣọ̀n lójoojúmọ́, owó oṣù tó ní òun sá fún, ó kàn lọ pàdé ẹ̀ lọ́nà ibòmíràn ni. Ọ̀rọ̀ ẹni tí wáyà fáíbà ti wọ ilé ẹ̀, tó ń san iye kan náà lóṣù bó ti wù kó lò ó tó, yàtọ̀ o. Ìyẹn ti sanwó dátà ẹ̀ tẹ́lẹ̀, àpótí lè wúlò fún un.

Èyí tó ń dẹ́rù bani jù níbẹ̀ ṣì kù. Lọ́jọ́ karùn-ún, oṣù kẹfà, ọdún 2025, àwọn ọlọ́pàá FBI ilẹ̀ Amẹ́ríkà kéde pé àwọn ọ̀daràn ti ń wọ ilé onílé nípasẹ̀ àwọn ẹ̀rọ olówó pọ́ọ́kú tó ń lo íntánẹ́ẹ̀tì, àpótí tẹlifíṣọ̀n sì wà nínú wọn. Ilẹ̀ China ni wọ́n ti ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. BADBOX 2.0 ni wọ́n ń pe iṣẹ́ ibi náà. Kí oníbàárà tó ra àwọn kan nínú àpótí ọ̀hún ni wọ́n ti fi nǹkan burúkú sí i nínú, ní ti àwọn mìíràn, ìgbà tó bá ń gba áàpù tí wọ́n ní kó gbà ni nǹkan náà ń wọlé. Lóṣù keje ọdún náà, Google gbé àwọn tó wà nídìí ẹ̀ lọ sílé ẹjọ́ ní New York, wọ́n ní ẹ̀rọ tó ti kó sí i lọ́wọ́ ju mílíọ̀nù mẹ́wàá lọ.

Kí ni wọ́n ń fi àpótí alápòótí ṣe? Wọ́n ń fi í tẹ ìpolówó ọjà gbà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni wò ó, wọ́n sì ń ta ojú ọ̀nà íntánẹ́ẹ̀tì ilé náà fún àwọn gbájú-ẹ̀ mìíràn. Ìtumọ̀ ẹ̀ ni pé ọmọ Yahoo kan lè jókòó sí ibi tẹ́nikẹ́ni ò mọ̀, kó lu ẹlẹ́ni ní jìbìtì, kó sì jẹ́ pé íntánẹ́ẹ̀tì ilé kan ní Festac ni ipasẹ̀ ẹ̀ máa já sí. Bàbá tó kàn fẹ́ wo bọ́ọ̀lù jẹ́jẹ́ ni wọ́n máa wá béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ẹ̀. Dátà tó ń tán láìnídìí náà tún wà níbẹ̀, ẹni tó sì ń sanwó ẹ̀ ò ní í mọ̀.

Ti gbogbo ṣánẹ́ẹ̀lì ayé tí wọ́n láwọn fi sí i lọ́fẹ̀ẹ́, ìyẹn ò pẹ́ sọ. Olè jíjà ni. Òfin tó dáàbò bo iṣẹ́ oníṣẹ́, èyí tí ààrẹ fọwọ́ sí lóṣù kẹta, ọdún 2023, ò fàyè gba irú ẹ̀, àwọn ṣánẹ́ẹ̀lì náà sì máa ń pòórá lójijì. Ó lè jẹ́ àárín ìdíje ìkẹyìn gan-an ló máa pòórá, kò sì sí ibi tí oníbàárà ti máa fẹjọ́ sùn.

Ṣé kéèyàn má wá rà á rárá ni? Ẹni tó ní fáíbà nílé, tó ní ínfátà, tí tẹlifíṣọ̀n ẹ̀ sì jẹ́ ti àtijọ́ tí ò lè wọ YouTube fúnra ẹ̀, kó rà á, ṣùgbọ́n èyí tí Google fọwọ́ sí ni kó rà. Ẹni tí tẹlifíṣọ̀n ẹ̀ ti ń wọ YouTube tẹ́lẹ̀, kí ló tún fẹ́ fi àpótí ṣe? Ẹni tó jẹ́ ìròyìn àti ètò NTA pẹ̀lú LTV nìkan ló ń wò, àpótí eriali tó ní ihò USB ti tó o. Ẹni tó bá jẹ́ pé bọ́ọ̀lù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo ayé ẹ̀, tó ní ínfátà, tó sì ń pẹ́ kó tó délé, kò sí ọ̀nà àbùjá, díkódà tó ń gba nǹkan sílẹ̀ ló máa sanwó fún.

Ẹni tó bá sì ti pinnu pé Alaba lòun ń lọ láàárọ̀ Sátidé, kó má sanwó títí wọn yóò fi tan àpótí náà níṣojú ẹ̀. Kó ní kí wọ́n ṣí Play Store, kí wọ́n wọ ibi ètò inú ẹ̀, kó wò ó bóyá wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé Google fọwọ́ sí ẹ̀rọ náà. Tí ọlọ́jà bá ní kí wọ́n kọ́kọ́ pa Play Protect ná kí àwọn ṣánẹ́ẹ̀lì tó wọlé, kó yáa gbé e sílẹ̀ fún un, àmì kan nìyẹn lára èyí tí FBI kà sílẹ̀. Tí orúkọ ara páálí bá jẹ́ èyí téèyàn ò gbọ́ rí, kó béèrè òmíràn. Tí wọ́n bá ní ó ń gba ètò sílẹ̀, kí wọ́n gba ìṣẹ́jú márùn-ún sílẹ̀ níbẹ̀ kó rí i. Kó sì gba rìsíìtì, kí wọ́n kọ orúkọ àpótí sí i pẹ̀lú iye ọjọ́ tó fi lè dá a padà.