Eré àti Ọgbọ́n nínú Ìdíje Ọkọ̀ Onígbòkun: Àgbéyẹ̀wò Ìdíje America's Cup

Ó wọ́pọ̀ lẹ́nu àwọn olùwòran ìdíje ọkọ̀ onígbòkun pé níbi tí eré bá ti pọ̀ jù, ọgbọ́n kò ní àyè mọ́. Ìdajì òótọ́ ni ọ̀rọ̀ náà.

Ọkọ̀ oníkùn kan a máa ní òjé wíwúwo nísàlẹ̀ tí kì í jẹ́ kí afẹ́fẹ́ dà á dé. Fífẹ̀ ni oníkùn méjì fi ń dúró ní tirẹ̀. Ìdí nìyí tí ó fi fúyẹ́, tí ó sì fi ń sáré. Ṣùgbọ́n kò sí ọkọ̀ onígbòkun kankan tí ó lè forí lé ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń bọ̀ gan-an. Ẹ̀gbẹ́ ni ó ní láti máa gbà, kí ó máa yí lọ́tùn-ún, kí ó máa yí lósì. Bí oníkùn kan bá ń yí, ìwúwo rẹ̀ a máa gbé e kọjá. Oníkùn méjì a fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró sójú kan.

Láti inú yíyí yìí ni ọgbọ́n ti ń wá. Ẹni tí ó ṣáájú a máa dúró sí àárín ọ̀tá rẹ̀ àti afẹ́fẹ́, kí ó lè jẹ́ pé afẹ́fẹ́ tí ìgbòkun tirẹ̀ ti dàrú ni ẹni ẹ̀yìn yóò máa lò. Bí ẹni ẹ̀yìn bá yí, òun náà a yí. Ní Newport, ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1983, nínú eré keje tí ó parí ìdíje náà, Liberty tí Dennis Conner ń darí ni ó kọ́kọ́ ṣáájú. Àwọn ọkọ̀ méjèèjì pínyà, Australia II sì rí afẹ́fẹ́ tí ó dára jù. Ní ipele ìkẹyìn, Liberty yí ju ìgbà 40 lọ láti bọ́ lábẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n pàbó ni ó já sí. Ìṣẹ́jú-àáyá 41 ni Australia II fi borí, ife-ẹ̀yẹ náà sì kúrò lọ́wọ́ Amẹ́ríkà lẹ́yìn ọdún 132.

Ọdún 1988 ni àwọn tí ń bú oníkùn méjì sábà máa ń tọ́ka sí. Ní San Diego, ọkọ̀ oníkùn kan ńlá tí New Zealand gbé wá bá oníkùn méjì ti Conner pàdé. Eré méjì péré ni wọ́n sá. Ní ti àkọ́kọ́, ó lé ní ìṣẹ́jú 18 tí Conner fi ṣáájú. Ilé-ẹjọ́ ni wọ́n ti parí ìyókù, ní ọdún 1990. Lóòótọ́ kò sí ọgbọ́n nínú eré yẹn, ṣùgbọ́n ẹ̀bi iye ikùn kọ́: àwọn ọkọ̀ náà kò dọ́gba rárá.

San Francisco, ọdún 2013, fi èyí hàn. Oníkùn méjì ni ọkọ̀ méjèèjì, eré wọn sì kọjá máìlì òkun 40 ní wákàtí kan, èyí tí ó ju mítà 20 lọ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. New Zealand ti gba eré 8 sí 1 kí Oracle tó gbà á mọ́ wọn lọ́wọ́ ní 9 sí 8. Oracle tún ọkọ̀ rẹ̀ ṣe kí ó lè túbọ̀ sáré bí ó bá dojú kọ afẹ́fẹ́; ó sì fi Ben Ainslie rọ́pò John Kostecki gẹ́gẹ́ bí olùdámọ̀ràn nínú ọkọ̀. Ó ṣòro láti ya ọ̀kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì. Yíyí dín kù nínú irú eré bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n iye tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń náni ga, nítorí náà kí ọkọ̀ tó dé ibẹ̀ ni a ti ń pinnu.

Ní Auckland ní ọdún 2021, oníkùn kan ni wọ́n padà sí. Àmọ́ kò sí òjé nísàlẹ̀ rẹ̀. Ìyẹ́ ni ó fi ń fò lókè omi, ó sì yára ju oníkùn méjì ti ọdún 2013 lọ.