Ta Ni Àgbà Lẹ́nu Iṣẹ́ Ìjọba?

Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ní ọkọ, aya tàbí ọmọ tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba. Ẹlòmíràn a yáwó lọ́wọ́ ẹgbẹ́, a ní bí ìgbéga bá dé, òun yóò san án. Bí ìgbéga ò bá wá dé ńkọ́? Ọrùn àwọn onídùúró ni gbèsè ń já sí. Ìdí nìyí tó fi yẹ kí gbogbo wa mọ bí ọ̀rọ̀ náà ti rí.

Èkíní, wọn kì í fi ọjọ́ orí mọ àgbà lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba. Bíi ti àwọn ìyàwó ilé ni: ẹni tó kọ́kọ́ wọlé ni ìyálé, bí èyí tó tẹ̀ lé e tilẹ̀ jù ú lọ́jọ́ orí. Ọjọ́ tí òṣìṣẹ́ dé ipò tó wà ni wọ́n ń wò. Nítorí náà, ẹ má jẹ́ kí lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́ àti ti ìgbéga sọnù.

Èkejì, pé ọdún pé kò ní kí ìgbéga dé dandan. Nígbà tí ìwé òfin iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ti 2008 ń ṣiṣẹ́, ó ní kí ẹni tó wà ní ipele 6 sí ìsàlẹ̀ lo ó kéré tán ọdún 2. Ipele 7 sí 14, ọdún 3. Ipele 15 sí 17, ọdún 4. Síbẹ̀, àyè gbọ́dọ̀ ṣí sílẹ̀, iṣẹ́ àti ìwà ẹni náà sì gbọ́dọ̀ dára. Kóòtù kì í dédé gbé ènìyàn ga. Ohun tó ń bèèrè ni pé, ṣé wọ́n tẹ̀ lé òfin?

Ẹ̀kẹta, òfin yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Ní 1981, nínú ẹjọ́ Shitta-Bey, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ sọ pé ìwé òfin iṣẹ́ ìjọba ní agbára òfin, pé òṣìṣẹ́ ìjọba kì í ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ tí ọ̀gá lè lé bó bá ṣe wù ú. Ọ̀rọ̀ ìfẹ̀yìntì ni ẹjọ́ náà, ṣùgbọ́n ó ṣí ọ̀nà fún àwọn tí wọ́n fò dá nígbà ìgbéga.

Ẹni tí wọ́n bá rẹ́ jẹ, kó má bá ẹni tí wọ́n gbé ga jà. Kó kọ̀wé nípasẹ̀ ọ̀gá rẹ̀ kíákíá, kó sì tọ́jú ẹ̀dà tí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí. Bí kò bá rójú, kó wá lọ́yà: láti 2011, Ilé-ẹjọ́ Òṣìṣẹ́, tó ní ẹ̀ka ní Ìkòyí, ni irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ ń lọ.

Ní ti owó yíyá, owó oṣù tó wà lọ́wọ́ ni kí a wò, kì í ṣe ìgbéga tí lẹ́tà rẹ̀ kò tíì jáde.