Mọ Orúkọ Àbàwọ́n Kí O Tó Gbé Bílíìṣì

Ọ̀rọ̀ òní kì í ṣe ti gírámà, ṣùgbọ́n mo ṣèlérí pé a ó kan gírámà kí a tó dé ìparí.

Ní Sátidé kan nínú oṣù Kejìlá, díẹ̀ ló kù kí ìmọ́tótó gbé mi lọ. Ẹ má rẹ́rìn-ín. A ń retí àlejò láti Ìbàdàn, èmi tí mo ti fẹ̀yìntì, tí mi ò níṣẹ́ kan ju kí n kàwé kí n sì kọ̀wé lọ, ni mo bá ní kí n tún balùwẹ̀ ṣe. Àbàwọ́n pupa bí amọ̀ ti gba ara táìsì àti inú àwo ìgbọ̀nsẹ̀. Mo da omi ásíìdì tí wọ́n fi ń fọ tọ́ílẹ́ẹ̀tì sí i. Kò lọ tó bí mo ṣe fẹ́. Mo ní bí agbára kan ò bá tó, méjì á tó. Mo bá da bílíìṣì lé e lórí.

Kò pé ìṣẹ́jú kan tí òórùn kan fi ta mí nímú. Ọ̀fun mi dí, ojú mi ń ṣomi, àyà mi ń ta mí bí ẹni pé wọ́n rẹ́ ata sí i. Mo sì ti ti fèrèsé pa nítorí ẹ̀fọn. Ìyá àwọn ọmọ ló gbọ́ ikọ́ mi tó wá fà mí jáde, tó ṣí gbogbo ilẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu. Nígbà tí ọmọ àbúrò mi tó jẹ́ nọ́ọ̀sì dé, ó yẹ̀ mí wò, ó wá ní: "Bàbá, ẹ̀yin lẹ máa ń sọ fún wa pé ká máa ka ohun tí wọ́n bá kọ sílẹ̀. Ẹ ò ka ti ara igo yìí ni?" Mi ò rí èsì fọ̀.

Gáàsì tó jáde yẹn ni wọ́n ń pè ní chlorine. Òun náà ni àwọn ọmọ ogun Jámánì tú sí àwọn ọmọ ogun Faransé ní ìlú Ypres, ní Bẹ́ljíọ̀mù, ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹrin ọdún 1915. Ohun tí wọ́n fi jagun ni mo fi ọwọ́ ara mi sè nínú balùwẹ̀ ní Ẹ̀gbẹ́dá. Ohun tó tiẹ̀ dùn mí jù ni pé bílíìṣì tí mo dà síbẹ̀ kò lè yọ irú àbàwọ́n yẹn rárá. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ kú lórí oògùn tí kì í ṣe ti àìsàn náà.

Ohun tí èdè wa ti mọ̀ tipẹ́

Ẹ fetí sí bí a ṣe ń sọ̀rọ̀. Ara là ń wẹ̀, aṣọ là ń fọ̀, ojú là ń bọ́, ọwọ́ là ń ṣàn. Tábìlì là ń nù, ilẹ̀ là ń gbá, ìdí ìkòkò là ń ha. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan ṣoṣo ló máa ń gba iṣẹ́ mẹ́rin àkọ́kọ́ yẹn. Ẹ tún wo aṣọ nìkan: a ó kọ́kọ́ rẹ ẹ́, a ó gbo ó, a ó fọ̀ ọ́, a ó ṣàn án, a ó fún un, a ó wá sá a. Ọ̀rọ̀-ìṣe mẹ́fà, iṣẹ́ mẹ́fà, wọ́n sì tò tẹ̀ lé ara wọn bí ìlànà ìṣègùn.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ìdọ̀tí ṣe ní orúkọ. Èérí ni ti ọrùn aṣọ, eruku ni ti orí kọ́bọ́ọ̀dù, ọ̀rá ni ti ara abọ́, ìpẹtà ni ti irin, àwọn mìíràn a máa pè é ní ìpáàrà, àwọn mìíràn a sì ní irin ti dóògún. Búrẹ́dì tàbí aṣọ tí ọ̀rinrin bá mú, a ní ó ti bu. Àwọn tó ṣáájú wa fi orúkọ pín wọn nítorí pé ọ̀nà tí wọ́n fi ń yọ ọ̀kan kọ́ ni wọ́n fi ń yọ èkejì. Àwa tòde òní ló kó gbogbo rẹ̀ pọ̀ tí a ń pè é ní "dọ̀tí", tí a sì ń fi igo kan ṣoṣo lé gbogbo rẹ̀. Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Àbàwọ́n ló yẹ ká wò kí a tó gbé igo. Ẹ jẹ́ ká mú wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ìpẹtà inú omi wa

Mo fi èyí ṣáájú nítorí pé ti àdúgbò wa ni. Nínú ìkànìyàn ọdún 2006, àwa tí a wà ní Alímòṣọ́ ju mílíọ̀nù kan lọ, láti Ìkòtún dé Ìgándò, borehole ló sì ń fún ọ̀pọ̀ wa lómi. Ilẹ̀ tí omi yìí ń gbà kọjá ní irin nínú. Bí omi náà bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, ó lè mọ́ gaara, torí pé irin inú rẹ̀ ti yọ́ mọ́ ọn. Tí afẹ́fẹ́ bá ti kàn án, irin náà á dípẹtà, á sì di pupa. Ẹ gbé e kalẹ̀ sínú báàfù funfun di ọjọ́ kejì, ẹ ó rí i nísàlẹ̀. Ìwọ̀n tí wọ́n gbà láàyè nínú òfin omi mímu nílẹ̀ wa ni 0.3 miligíráàmù irin nínú lítà omi kan. Tó bá ti ju bẹ́ẹ̀ lọ, aṣọ funfun àti táìsì ló máa kọ́kọ́ jẹ́rìí sí i.

Ibí ni ọ̀pọ̀ wa ti ń ṣìnà. Iṣẹ́ tí afẹ́fẹ́ ń ṣe sí irin yẹn, kíákíá ni bílíìṣì ń ṣe é. Ẹni tó bá rẹ ṣẹ́ẹ̀tì funfun sínú omi borehole, tó wá da bílíìṣì sí i, ńṣe ló ń pa ṣẹ́ẹ̀tì náà láró ìpẹtà. Á máa pọ́n sí i, olóhun á sì máa fi bílíìṣì kún un.

Ohun kíkan ló ń yọ ìpẹtà. Ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí ojú ibẹ̀, ẹ bu iyọ̀ díẹ̀ sí i, ẹ sá a sóòrùn fún wákàtí kan tàbí méjì, kí ẹ wá ṣàn án dáadáa kí ẹ tó fi ọṣẹ fọ̀ ọ́. Tó bá ṣẹ́ kù, ẹ tún un ṣe. Ti táìsì, ọsàn tàbí fínígà náà ni. Bí ẹ bá máa lo ásíìdì tọ́ílẹ́ẹ̀tì, òun nìkan ni kí ẹ lò, kí fèrèsé ṣí, kí ìbọ̀wọ́ wà lọ́wọ́. Ẹ má fi ohun kíkan kan mábùlì o, á jẹ ẹ́.

Ó dára ká dènà rẹ̀ ju ká máa yọ ọ́ lọ. Ẹ jẹ́ kí omi ti òkè já wọ inú táǹkì bí òjò kí afẹ́fẹ́ lè kàn án, kí ó tòrò mọ́jú, kí ẹ sì máa fọ ìsàlẹ̀ táǹkì náà látìgbàdégbà. Tí òjò bá ń rọ̀, ẹ gbe omi òjò fún aṣọ funfun, kò ní irin nínú, àfi tí páànù orí ilé yín bá ti dípẹtà.

Ẹ̀jẹ̀

Omi tútù ni, ẹ má fi omi gbígbóná kàn án láéláé. Ẹ ronú sí ẹyin. Tútù rẹ̀, ẹ lè fi omi ṣàn án kúrò lára abọ́; ẹ wá sè é, ó ti le gbagidi. Bẹ́ẹ̀ ni ohun tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ ṣe ń le tí ooru bá mú un, á sì di aṣọ mú. Ẹ rẹ ẹ́ sínú omi tútù tí ẹ fi iyọ̀ sí, ẹ gbo ó, kí ẹ tó fi ọṣẹ fọ̀ ọ́. Wàrà àti ẹyin náà, bákan náà ni.

Epo pupa

Aláṣọ àlà kì í jókòó sí ìsọ̀ elépo, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń ná ọjà Ìkòtún mọ̀ pé ìgbà mìíràn wà tó jẹ́ pé ìsọ̀ elépo ló máa wá bá aláṣọ àlà. Bí epo bá ta sí yín láṣọ, ẹ má sáré da omi sí i, torí epo àti omi kì í rẹ́. Ẹ kọ́kọ́ wọ́n pọ́dà tàbí sítáàṣì sí i kó fa epo náà mu, kí ẹ gbọ̀n ọ́n dànù. Ẹ wá fi ọṣẹ olómi tí ẹ fi ń fọ abọ́ ra á, láìfi omi sí i, fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Lẹ́yìn náà ni omi lílọ́wọ́ọ́wọ́.

Ọ̀rá á lọ, àmọ́ àwọ̀ pupa lè kù. Àwọ̀ yẹn kan náà ló wà nínú kárọ́ọ̀tì, ooru àti oòrùn sì ni ọ̀tá rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń yọ́ epo títí á fi funfun kí ẹ tó fi se ọbẹ̀, ẹ ti rí iṣẹ́ ooru. Ti aṣọ, ẹ kàn sá a sí oòrùn gangan, àwọ̀ náà á ṣá.

Obì, kajú àti oje ọ̀gẹ̀dẹ̀

Ẹgbẹ́ mi gbogbo ló jẹ ẹgba rí nítorí omi kajú lára yunifọ́ọ̀mù. Ohun tó wà nínú àwọn wọ̀nyí ni tannin, tó ń mú ẹnu wa le koko tí a bá jẹ obì. Ọ̀tọ̀ ni bí tannin ṣe ń ṣe: bó bá pàdé irin, dúdú ló ń dà. Láyé àtijọ́ ní Yúróòpù, tannin àti irin ni wọ́n pò pọ̀ fi ṣe tàdáwà. Àwọn Bámbàrá ilẹ̀ Málì náà ń lò ó títí dòní fún aṣọ bogolan wọn: wọ́n á kọ́kọ́ fi omi ewé tó ní tannin rẹ aṣọ, wọ́n á wá fi ẹrẹ̀ tó ní irin ya ọnà sí i, á sì dúdú pátápátá.

Ẹ wá ronú: omi borehole tiwa ní irin. Ẹni tó bá fi omi yìí fọ oje ọ̀gẹ̀dẹ̀, bogolan ló ń ṣe láìmọ̀. Omi òjò tàbí omi inú ọ̀rá ni kí ẹ lò, pẹ̀lú ọsàn wẹ́wẹ́, lójú ẹsẹ̀ tó bá ta sí aṣọ. Tó bá ti gbẹ tó sì pẹ́, mi ò ní purọ́ fún yín, òmíràn ò ní lọ mọ́. Ẹ sọ aṣọ náà di aṣọ oko.

Ìkòkò tó jóná

Àwọn ìyá wa lo eérú, iyanrìn àti ewé eépín. Eérú ń pa ọ̀rá, òun náà ni wọ́n fi ń se ọṣẹ dúdú pẹ̀lú àdín. Iyanrìn àti eépín ń ha. Bí ìkòkò onírin bá jó, ẹ da omi sí i, ẹ ju kán-ún sínú rẹ̀, ẹ sè é, kí ẹ jẹ́ kó mọ́jú. Ohun tó jó mọ́ ọn á dẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má fi kán-ún tàbí eérú se ìkòkò alumíníọ̀mù, á dúdú ni, á sì jẹ ẹ́. Èyí tó bá ti dúdú nínú, ẹ fi omi àti èèpo ọsàn wẹ́wẹ́ sè é, á tún funfun.

Èyí tó lè pa ènìyàn

Mo ti sọ ti ásíìdì àti bílíìṣì. Ẹ fi ọsàn àti fínígà kún un, torí ásíìdì làwọn náà. Ẹ má da bílíìṣì sí ibi tí ìtọ̀ ti gbẹ sí, àfi tí ẹ bá ti fi omi púpọ̀ ṣàn án. Gáàsì olóró mìíràn ló máa jáde. Tó bá ti ṣẹlẹ̀, ẹ má dúró tún un ṣe. Ẹ jáde síta gba afẹ́fẹ́. Bí mímí bá ṣòro, ilé ìwòsàn ni, tàbí kí ẹ pe 767 tàbí 112 ní ìpínlẹ̀ Èkó.

Ó tún ku èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù. Ní ọjà, wọ́n ń ta bílíìṣì àti ásíìdì nínú ike omi tí wọ́n ti mu tán, kò sí orúkọ kankan lára rẹ̀. Ọmọdé tí òùngbẹ ń gbẹ, omi ló máa rò pé ó rí. Bí ọmọ bá gbé e mu, ẹ má fún un ní epo pupa, ẹ má sì fi dandan mú un bì: ohun tó jó ọ̀fun rẹ̀ bó ṣe ń lọ sísàlẹ̀ á tún jó o bó ṣe ń padà bọ̀. Ẹ gbé ọmọ náà àti ike náà lọ sílé ìwòsàn kíá. Èyí tí ẹ bá sì ní nílé lónìí, ẹ lẹ bébà mọ́ ọn, ẹ kọ orúkọ rẹ̀ sí i gàdàgbà, ní Yorùbá, kí gbogbo ará ilé lè kà á.

Ogójì ọdún ni mo fi kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pé orúkọ kì í ṣe ọ̀ṣọ́ lásán. Balùwẹ̀ ara mi ló wá kọ́ èmi náà. Bí ẹ bá ní orúkọ mìíràn fún ìpẹtà tàbí fún oje ọ̀gẹ̀dẹ̀ ní ẹ̀ka èdè yín, Ìjẹ̀bú ni o, Èkìtì ni o, ẹ fi ránṣẹ́ sí mi. Mo ń kó wọn jọ.

Ire o.